Jẹ́ẹ̀lì tó tètè ń fọ́, ṣé "tètè" ní ìwọ̀n ni?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú páténtì Amẹ́ríkà kan fún yín, ìyẹn ìwé tí ìjọba máa ń fún ẹni tó ṣe nǹkan tuntun kí ẹlòmíì má baà ṣe é láìgbàṣẹ. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 6,887,832, Halliburton, kọ́ńpìnì tó ń ṣiṣẹ́ kànga epo, ló ni ín, ọdún 2005 ló jáde. Àwọn gbólóhùn tó wà lẹ́yìn páténtì, tí wọ́n máa ń fi nọ́ńbà tò, àwọn ni wọ́n ń pè ní kiléèmù, ibẹ̀ lẹni tó ni páténtì ti ń sọ pé "ibí yìí ni tèmi, ẹ má wọ̀ ọ́." Ọ̀kan nínú kiléèmù páténtì yìí sọ, ní ṣókí, pé àwọn ló ni ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga epo pẹ̀lú mud, nǹkan olómi tí wọ́n ń tì sínú kànga bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ, tó jẹ́ fragile gel, ìyẹn jẹ́ẹ̀lì tó tètè ń fọ́, tí epo jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ tí omi fọ́n ká sínú epo náà, tí èròjà tó ń mú un ṣàn wà níbẹ̀, èròjà tí kì í jẹ́ kí epo àti omi pínyà náà wà níbẹ̀, èròjà tó ń mú un wúwo náà wà, tí wọ́n á sì ki casing, páìpù irin tó ń di ògiri ihò mú, bọ inú ihò nígbà iṣẹ́ náà.

Ẹni tó bá ti bá mud ṣiṣẹ́ rí á kàn mirí ni. Torí tẹ́ ẹ bá yọ fragile gel kúrò níbẹ̀, ohun tó kù ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí mud elépo táwọn èèyàn ti ń pò lórí ríìgì tipẹ́tipẹ́. Gbogbo ẹrù páténtì yẹn wá wà lórí ọ̀rọ̀ méjì péré, fragile gel, ọ̀rọ̀ méjèèjì ò sì ní nọ́ńbà kankan lára.

Mo ti po mud lọ́pọ̀ ọdún kí n tó dẹni tó ń jókòó ka páténtì ẹlòmíì jẹun, ìdí nìyẹn tí ẹjọ́ yìí fi máa ń dùn mọ́ mi láti sọ. Fún ẹni tí ò mọ̀, mud tí mò ń wí kì í ṣe ẹrẹ̀ ojú gọ́tà o. Nǹkan olómi ni, a máa ń fi pọ́ǹpù tì í gba inú páìpù lọ sísàlẹ̀, á gba ojú bit, orí irin tó ń gbẹ́ ilẹ̀, jáde, á kó gbogbo èérún òkúta tí bit bá fọ́, á wá gba ẹ̀gbẹ́ páìpù gbé e padà wá sókè, òun náà ló tún ń tẹ epo àti gáàsì tó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà rú jáde sí wa lójú. Tá a bá wá pa pọ́ǹpù torí ká lè so páìpù tuntun mọ́ ti tẹ́lẹ̀, mud á dúró, ó sì gbọ́dọ̀ dì díẹ̀, kí èérún òkúta àti barite tá a fi mú un wúwo má baà rì. Ṣùgbọ́n tó bá lọ dì jù, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ, torí nígbà tá a bá tan pọ́ǹpù padà, agbára tá a máa fi já jẹ́ẹ̀lì yẹn á fò sókè lójijì, ó lè la ilẹ̀ inú kànga, mud á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sá wọnú ilẹ̀, owó gọbọi ló ń ṣàn lọ yẹn. Lórí omi jíjìn bíi ti Bonga wa yìí, ibi tí wọ́n ti ń wa epo lójú òkun, níbi tí òkun ti jìn ju 1,000 mítà lọ, ó tún le sí i, òtútù ìsàlẹ̀ òkun máa ń jẹ́ kí mud elépo ki ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tí Halliburton wá sọ pé àwọn ṣe ni mud tó máa dì tí pọ́ǹpù bá kú, tó sì máa já wẹ́rẹ́ tí pọ́ǹpù bá jí. Iṣẹ́ gidi ni o, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ìbéèrè tèmi ni pé, wẹ́rẹ́ bíi ti báwo?

Ohun tó jẹ́ kí n máa béèrè ni pé à ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Lórí tábìlì ẹni tó ń bójú tó mud lórí ríìgì, ẹ̀rọ kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní kọ́ọ̀bù irin àti ojú àgògo onínọ́ńbà lókè. Ẹ á bu mud sí i, ẹ á gbé e gbóná dé 120 tàbí 150 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, ẹ á yí i ní ìgbà 600 láàrin ìṣẹ́jú kan kó lè pòpọ̀ dáadáa, ẹ á dá a dúró, ẹ á fi mud náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kẹ́ ẹ wá tan án padà sí 3 péré. Kẹ́ ẹ má ṣẹ́jú o, torí abẹ́rẹ́ máa gùn òkè díẹ̀díẹ̀, jẹ́ẹ̀lì á já, abẹ́rẹ́ á sì já wálẹ̀. Ibi tó ga dé kó tó já yẹn ni ẹ máa kọ sílẹ̀. Ẹ á tún ṣe ti ìṣẹ́jú 10, àwọn mìíì máa ń ṣe ti 30. Tí ti ìṣẹ́jú àáyá 10 àti ti ìṣẹ́jú 10 bá súnmọ́ra, ọkàn yín balẹ̀, tí ti ìṣẹ́jú 10 bá lọ fò lọ ìlọ́po méjì mẹ́ta, ẹ ti mọ̀ pé jẹ́ẹ̀lì yẹn máa fún yín níṣẹ́ ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sí ríìgì tí wọn kì í ti í ṣe é.

Èyí ni pé irinṣẹ́ wà, nọ́ńbà wà, gbogbo ayé iṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Kí ló wá dé tí kò sí nọ́ńbà nínú kiléèmù?

Halliburton gbé M-I, kọ́ńpìnì mìíì tó ń po mud, lọ sí kọ́ọ̀tù ní Texas, wọ́n ní mud tí wọ́n ń pè ní Rheliant ti wọ inú páténtì àwọn. Kọ́ọ̀tù ní ọ̀rọ̀ yẹn ò yé ẹnikẹ́ni tó, kiléèmù tó gbé e dání ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, nígbà tó di January 2008 kọ́ọ̀tù tó ń gbọ́ ẹjọ́ páténtì ní Amẹ́ríkà náà sọ ohun kan náà. Wọ́n ní Halliburton sọ pé jẹ́ẹ̀lì náà máa "tètè" di olómi tí agbára bá kàn án, àmọ́ wọn ò sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ yára tó, wọ́n sọ pé ó máa lágbára láti gbé èérún òkúta dúró nígbà tó bá wà ní ìdákẹ́, wọn ò sọ agbára tó tó mélòó. Wọ́n ní mud tó ti wà tẹ́lẹ̀ náà ń dì, ó sì ń já, tiyín wá fi mélòó ju tiwọn lọ? Halliburton ní kí wọ́n wo àwọn gíráàfù tó wà nínú páténtì, kọ́ọ̀tù wò ó, wọ́n ní kò tó.

Ibi kan wà nínú ìdájọ́ yẹn tó jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lórí ríìgì ló máa yé kíákíá. Wọ́n ní bóyá mud kan tètè ń fọ́ àbí kò tètè ń fọ́, ó lè dá lórí kànga tí wọ́n bá dà á sí, torí bí ilẹ̀ ṣe rí, bí èérún òkúta ṣe tóbi tó, bí ihò ṣe dagun, gbogbo rẹ̀ ló ń da nǹkan rú. Ẹ wò ó báyìí, mud kan náà, láti inú táńkì kan náà, ó lè ré òfin kọjá ní kànga tòní, kó má sì ré e kọjá ní ti ọ̀la. Ẹni tó ń pò ó ò ní mọ̀ títí mud yóò fi wọ ilẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ yàgò fún irú páténtì bẹ́ẹ̀? Kọ́ọ̀tù tiẹ̀ sọ ọ́ fún wọn pé wọ́n ì bá ti lo ìwọ̀n tó ní nọ́ńbà dípò ọ̀rọ̀ tó kàn ń ṣàpèjúwe ìwà mud. Àṣé wọ́n mọ̀ nípa ẹ̀rọ orí tábìlì wa!

Àwọn kan á ní àìbìkítà lọ́yà tó kọ ọ́ ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gba owó ńlá láti kọ páténtì kì í gbàgbé nọ́ńbà, ó yẹra fún un ni. Tó bá kọ ọ́ pé jẹ́ẹ̀lì náà ò gbọ́dọ̀ ju báyìí lọ, M-I tàbí ẹlòmíì á kàn lọ po tiwọn kó fi díẹ̀ jù ú lọ, wọ́n ti bọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí ò ní ìwọ̀n máa ń na ara rẹ̀ bá ẹni tó bá ń sá lọ. Ó dà bí ẹni tó gbin pẹ̀rẹ̀gún sí ààlà oko, àmọ́ tó gbìn ín sínú ìkòkò, lálaalẹ́ ló ń gbé e síwájú. Tí àríyànjiyàn bá dé, á ní ṣebí ẹ rí pẹ̀rẹ̀gún níbẹ̀.

Ohun tó sì pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Halliburton yìí náà ló ti jàǹfààní irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ rí, lọ́dún gbọọrọ sẹ́yìn. Kọ́ńpìnì tí Erle Halliburton bẹ̀rẹ̀ ní 1919 ni, Halliburton Oil Well Cementing Company ni wọ́n ń jẹ́ nígbà ẹjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Walker ní páténtì lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ bí epo ṣe jìn tó nínú kànga. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti mọ̀ pé tí èèyàn bá yìnbọn ìró sínú kànga, ìró náà á lọ kan ojú epo, á padà wá, wọ́n á wo iye àkókò tó gbà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìró kì í sáré bákan náà nínú gáàsì kànga kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìṣirò wọn ń ṣì. Walker wá ronú kan ohun kan tó dáa gan-an. Páìpù inú kànga kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo gbọọrọ, wọ́n so ó pọ̀ ni, oríkèé wà níbi tí ọ̀kan ti bá èkejì pàdé, wọ́n sì mọ gígùn páìpù kọ̀ọ̀kan. Oríkèé kọ̀ọ̀kan náà ń dá ìró padà, àmọ́ ó kéré. Walker fi ọ̀pá kan tí wọ́n gé sí ìwọ̀n mọ́ ẹ̀rọ náà kó máa gbé ìró oríkèé yẹn ga, kó yàtọ̀ sí ariwo yòókù, kí wọ́n kàn máa ka oríkèé, ó parí. Ẹ ò rí i pé orí rẹ̀ pé!

Halliburton wá ṣe tiwọn, àwọn ò lo ọ̀pá, fílítà oníná ni wọ́n lò. Walker gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù, ó borí ní kọ́ọ̀tù àkọ́kọ́, ó tún borí ní ti kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ìgbà tó dé kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ ní 1946 ni nǹkan yí padà. Kiléèmù Walker ò sọ pé ọ̀pá báyìí báyìí ni òun fi ṣe é, ohun tó kọ síbẹ̀ ni "ohun èlò" tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ gba ìró oríkèé kó sì yà á sọ́tọ̀. Adájọ́ Black ní kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, ibi tí nǹkan tuntun wà gan-an lo fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó ń ṣe bò, o ò sọ ohun tó jẹ́, ìyẹn túmọ̀ sí pé gbogbo ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni bá lè gbà ṣe é lọ́la ti di tìẹ. Wọ́n da kiléèmù náà nù, Halliburton lọ sílé layọ̀.

Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ò fẹ́ràn ìdájọ́ yẹn o. Nígbà tí wọ́n ń tún òfin páténtì kọ ní 1952, wọ́n fi àyè sílẹ̀ kí èèyàn lè kọ "ohun èlò tó ń ṣe báyìí" sínú kiléèmù, àmọ́ ohun tó máa gbà ò ju èyí tó ṣàlàyé nínú ìwé páténtì rẹ̀ lọ àti ohun tó bá bá a dọ́gba. Ìyẹn ni pé òfin kan tí gbogbo lọ́yà páténtì, títí kan àwọn tó ń kọ ti fóònù àti sọ́fítíwíà, ń lò lónìí, inú kànga epo ló ti jáde. Kí ẹ tó wá rò ó, ọdún méjìlélọ́gọ́ta lẹ́yìn ẹjọ́ Walker ni Halliburton fúnra wọn lọ dúró síbi tí Walker dúró sí, wọ́n ń bẹ kọ́ọ̀tù pé kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ tó ń sọ ìwà nǹkan wọlé fún àwọn. Mi ò dá wọn lẹ́bi, kálukú ló ń jà fún àpò rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ kéékèèké yìí jẹ́ ti àwọn tí ò níṣẹ́ ṣe. Hughes Tool, kọ́ńpìnì tí bàbá Howard Hughes fi bit olórí méjì tó ń yí sọ di ńlá lẹ́yìn tó gba páténtì ní August 1909, gbé Smith International lọ sí kọ́ọ̀tù lórí òrùka rọ́bà tó wà nínú bit, òrùka rọ́bà o, owó tí kọ́ọ̀tù dá lé Smith lórí ní 1986 ju $200 mílíọ̀nù lọ, ó sì gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù àwọn tó jẹ gbèsè.

Láti 2014, Amẹ́ríkà tún ti mú un le sí i. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ di àdììtú tí kò ṣe é tú rárá kí wọ́n tó da kiléèmù nù, tó fi jẹ́ pé òfin tó rọ̀ yẹn gan-an ló mú fragile gel. Nínú ẹjọ́ Nautilus àti Biosig, tí Biosig jẹ́ ẹni tó ni páténtì, kọ́ọ̀tù tó ga jù ní kò tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè mọ ibi tí kiléèmù parí sí pẹ̀lú ìdánilójú tó mọ́gbọ́n dání. Ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn nígbà téèyàn ń ṣeré ìdárayá ni wọ́n ń jà lé lórí, kiléèmù ní irin méjì tí èèyàn á di mú gbọ́dọ̀ wà "ní àlàfo síra wọn," wọn ò sọ iye sẹ̀ntímítà. Ẹ̀yin á rò pé Biosig ti wọ gau nìyẹn. Wọ́n dá ẹjọ́ padà sí kọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀, Biosig tún borí! Torí kọ́ọ̀tù ní ọwọ́ kan ló máa di irin méjèèjì mú, nítorí náà àlàfo yẹn ò lè fẹ̀ ju ọwọ́ èèyàn lọ, kò sì lè kéré débi tí irin méjèèjì á fi di ọ̀kan. Ìwọ̀n wà níbẹ̀, kò kàn jẹ́ nọ́ńbà ni. Mo gba tiwọn, bí mo ṣe ń pariwo nọ́ńbà yìí náà. Ohun tí mò ń wá ni ohun tí ẹlòmíì lè fi yẹ̀ ẹ́ wò láìpe ẹni tó ni páténtì sórí fóònù.

Yúróòpù ní tiwọn kọ ọ́ sínú òfin pé kiléèmù gbọ́dọ̀ ṣe kedere, àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á máa fapá janú bí wọ́n bá rí "tín-ín-rín," "fẹ̀" tàbí "lágbára" tí kò ní ohun tá a fi wọ̀n ọ́n. Àmọ́ wọ́n ní ọgbọ́n kan tó yà mí lẹ́nu: lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún èèyàn ní páténtì, ẹni tó bá fẹ́ tako o níbẹ̀ ò lè sọ pé kiléèmù yẹn ò yé òun, àfi tí ẹni tó ni ín bá tún un kọ tí àtúnkọ náà sì dá ìrújú tuntun sílẹ̀. Ìpinnu March 2015 nìyẹn. Ẹ jà kí wọ́n tó fún un, àbí kẹ́ ẹ gbẹ́nu dákẹ́.

Tiwa ńkọ́? Òfin páténtì Nàìjíríà láti 1970 ni, ó ní kiléèmù gbọ́dọ̀ sọ ààbò téèyàn ń wá, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ohun tó ṣàlàyé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yẹn náà ló sọ pé ẹni tó gba páténtì gbà á pẹ̀lú ewu ara rẹ̀, ìjọba ò fọwọ́ sọ̀yà pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bóyá ìwé pé, bóyá owó pé ni wọ́n máa ń wò. Kò sẹ́ni tó máa fi bírò pupa fa ilà sábẹ́ "lágbára" fún ẹ. Ọjọ́ tó o bá dé iwájú adájọ́ lo máa tó mọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń dà wọ́n láàmú, àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá mi wá. Àbúrò kan wà ní Abẹ́òkúta tó ń rọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ bòóhòólù, ọwọ́ rẹ̀ dáa gan-an, ó gbé kiléèmù tó kọ fúnra rẹ̀ wá: ẹ̀rọ tó fúyẹ́, tó ní bit tó lè la àpáta líle kíákíá.

Mo ní, "Líle bíi ti ibo?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó ń gbẹ́ bòóhòólù tí ò mọ àpáta líle."

Mo ní ẹni tó ń gbẹ́ ní Èkó, tó jẹ́ yanrìn àti amọ̀ ló ń bá pàdé, tó bá kan òkúta yanrìn tó dì díẹ̀ lásán á ní àpáta líle dé. Ìwọ tó jẹ́ pé orí granite lo bí ẹ̀rọ ẹ sí, tó jẹ́ láìsí hámà afẹ́fẹ́ àti kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ńlá o ò lè wọ ilẹ̀, ohun tó o pè ní líle yàtọ̀. Granite lè gba 100 sí 250 megapascal, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ agbára tó ń tẹ nǹkan, kó tó fọ́. Lọ sí poli, wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́ búlọ́ọ̀kù kọnkéré wò, gbé òkúta tó o là lọ, kí wọ́n gé e, kí wọ́n fọ́ ọ, kó o kọ ohun tí wọ́n bá rí àti bí wọ́n ṣe rí i.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ló bá sọ ohun tí mo ti ń retí: "Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ nọ́ńbà, ṣé wọn ò ní gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá?"

Halliburton ló ń sọ̀rọ̀ yẹn! Ìbẹ̀rù kan náà ni. Mi ò ní kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un ni pé kó má kọ kiléèmù kan ṣoṣo, kó kọ èyí tó gbòòrò ṣáájú, tí ìwọ̀n rẹ̀ fẹ̀ débi tí ìdánwò tó ṣe lè gbà á dé, kó wá kọ àwọn tó tẹ̀ lé e kí ìwọ̀n wọn máa há sí i, tí wọ́n bá fọ́ àkọ́kọ́, èkejì á ṣì dúró. Mo ní kó yọ "kíákíá" kúrò pátápátá, torí ìyẹn ni èrè iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ náà. Kí ló jẹ́ kó yára? Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé òun yí ojú ihò afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó máa gbá èérún kúrò lábẹ́ eyín bit kó tó di pé hámà tún lù ú. Mo ní ṣé o rí nǹkan, gbogbo ohun tó o sọ yìí ò sí nínú ìwé tó o kọ, ìyí wo lo yí i, dígírì mélòó, ihò mélòó, eyín bit jìn sí i tó mélòó? Ó fa bírò yọ.

A fi wákàtí kan àti díẹ̀ bá ọ̀rọ̀ ihò afẹ́fẹ́ yẹn jà, ó sì dáa nígbà tó parí. Àfi "fúyẹ́" ló kọ̀ tí ò fẹ́ fi sílẹ̀. Ó ní ohun táwọn oníbàárà ń torí ẹ̀ wá nìyẹn, ọkùnrin méjì lè gbé e sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù.

Mo ní, "Ọkùnrin méjì wo? Ìwọ àti ta ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun àti àbúrò òun tó ń gbé irin fún ìdárayá ni. Ó ní kò burú, tó bá dọ̀la òun á gbé e lọ sórí ìwọ̀n àwọn tó ń ra àlòkù irin lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù òun, àmọ́ kí n bá òun bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lọ dá iye lé e o.